Kókó Abẹ́ Awọ Nínú Àpòlúkù Tàbí Ìfun: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Schwannoma Ni

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá: "Wọ́n fi rọ́bà oníkámẹ́rà wo inú mi, wọ́n rí kókó kan, wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀, èsì sì ní kò sí nǹkan. Kí ló kù kí n ṣe?"

Èsì yẹn kò tíì sọ ohunkóhun nípa kókó náà. Awọ tó bò ó mọ́lẹ̀ ni wọ́n gé. Kókó gan-an wà nísàlẹ̀, wọn ò tíì kàn án. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún aláìsàn, fún ará ilé tó ń bá a lọ sílé ìwòsàn, àti fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tí irú rẹ̀ kò tíì kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ rí. A tò ó bí àyẹ̀wò ṣe ń tẹ̀lé ara wọn, nítorí pé bí wọ́n bá fo ọ̀kan, èyí tó tẹ̀lé e lè ṣini lọ́nà.

Ohun tí ẹ ń wá gan-an

Bí rọ́bà ṣe bo wáyà iná, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní Schwann ṣe bo iṣan ìmọ̀lára. Iṣan bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ògiri àpòlúkù àti ìfun. Àwọn ló ń darí ẹran ibẹ̀ bó ṣe ń fún tó sì ń sún oúnjẹ lọ. Bí sẹ́ẹ̀lì Schwann bá ń pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ níbẹ̀, kókó tó máa yọ ni schwannoma. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó sì ṣọ̀wọ́n gan-an kó yí padà di jẹjẹrẹ.

Àpòlúkù ló ti wọ́pọ̀ jù, nǹkan bíi 6 tàbí 7 nínú 10. Ìfun ńlá ló tẹ̀lé e. Ní ọ̀nà ọ̀fun àti ìfun kékeré, ó ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó ti lé ní 50 ọdún ló sábà máa ń ní in, àwọn obìnrin sì ju ọkùnrin lọ.

Kókó méjì mìíràn ló jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀:

- GIST: òun ló wọ́pọ̀ jù nínú àpòlúkù. Èyí lè tàn ká, ó sì ní oògùn tirẹ̀.
- Leiomyoma: kókó ẹran lásán tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Òun ló wọ́pọ̀ jù ní ọ̀nà ọ̀fun.

Torí náà, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni láti mọ èwo nínú mẹ́ta yìí ni, kí ẹnikẹ́ni tó dá oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ ńlá lé e.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kó ọ̀rọ̀ àìsàn náà jọ

Ọ̀pọ̀ schwannoma kì í fa ìnira kankan. Nǹkan mìíràn ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi ṣèèṣì rí i. Síbẹ̀, ẹ kọ àwọn nǹkan yìí sílẹ̀ kí ẹ tó rí dókítà:

- Ṣé ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ wà? Láti ìgbà wo?
- Ṣé oúnjẹ ń há lọ́nà ọ̀fun, ṣé ìgbẹ́ ń ṣòro láti yà, ṣé ọwọ́ ń kan nǹkan líle níkùn?
- Ṣé ẹ ti rù láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ rù?
- Ṣé àmì aláwọ̀ kọfí wà lára, 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kókó rọ̀bọ̀tọ̀ púpọ̀ lábẹ́ awọ ara? Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí àti ọmọ ìyá.
- Àwọn oògùn wo lẹ ń lò, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì?

Má ṣe fojú kéré ìbéèrè kẹrin. Àmì bẹ́ẹ̀ lè tọ́ka sí àìsàn ìdílé kan tí wọ́n ń pè ní NF1. Ohun tí NF1 sì sábà máa ń mú wá sínú ìfun ni neurofibroma, irú kókó iṣan ìmọ̀lára mìíràn, àti GIST, kì í ṣe schwannoma. Dókítà tó bá mọ̀ ṣáájú á wá nǹkan mìíràn.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dín kù lára. Àwọn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń tọpa jẹjẹrẹ, irú bíi CEA àti CA 19-9, kò lè sọ irú kókó tí èyí jẹ́. Bí wọ́n bá ní èsì wọn dára, ìyẹn kò parí ọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Endoscopy

Ohun tí rọ́bà oníkámẹ́rà máa ń rí ni òkè rọ̀bọ̀tọ̀ tí awọ tó dán bò. Nígbà míì ọgbẹ́ kékeré wà lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ sì máa ń gbà jáde. Ìwé èsì gbọ́dọ̀ sọ:

1. Ibi tí ó wà gan-an: apá òkè, àárín tàbí ìsàlẹ̀ àpòlúkù, tàbí iye sẹ̀ǹtímítà sí ẹnu tàbí sí ihò ìdí.
2. Bó ṣe tóbi tó ní mìlímítà.
3. Bóyá awọ orí rẹ̀ mọ́ tàbí ó ní ọgbẹ́.
4. Bí ó ṣe rí nígbà tí wọ́n fi irinṣẹ́ tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá rọ̀ tó tẹ̀ wọnú bí ìrọ̀rí, tó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ọ̀rá ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́. Schwannoma le.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gé kókó abẹ́ awọ kúrò pátápátá níbẹ̀ láìtíì mọ bó ṣe jìn tó. Schwannoma máa ń wá láti inú ìpele ẹran ògiri náà. Ẹni tó bá fa kókó bẹ́ẹ̀ yọ láìmúrasílẹ̀ lè dá ihò sí àpòlúkù tàbí ìfun.

Ìgbésẹ̀ 3: EUS, skáànù láti inú

EUS jẹ́ rọ́bà oníkámẹ́rà tó ní skáànù kékeré lórí. Ó ń fi ògiri àpòlúkù hàn bí ìpele márùn-ún, dúdú àti funfun lórí ara wọn. Ìbéèrè tó ṣe kókó ni: ìpele wo ni kókó náà ti wá?

- Ìpele kejì tàbí ìkẹta: ẹ kọ́kọ́ ronú nípa nǹkan mìíràn. Ọ̀rá máa ń wà ní ìkẹta, ó sì máa ń tàn funfun.
- Ìpele kẹrin, ìyẹn ìpele ẹran: schwannoma, GIST àti leiomyoma ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Schwannoma sábà máa ń dúdú lójú skáànù náà, dúdú rẹ̀ a dọ́gba jálẹ̀, etí rẹ̀ a mọ́, kò sì sábà ní àpò omi nínú. Nígbà míì ó máa ń dúdú ju ẹran tó yí i ká lọ. Àmì tó dára nìyẹn, àmọ́ àmì lásán ni. GIST kékeré náà lè rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ìgbésẹ̀ 4: CT scan

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é pẹ̀lú oògùn tí ń mú àwòrán hàn, kí wọ́n sì ya àwòrán ju ẹ̀ẹ̀kan lọ bí oògùn náà ṣe ń rìn. Schwannoma kì í gba oògùn náà wàrà. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ ń là sí i, ó sì ń là bákan náà jálẹ̀. GIST tó bá ti tóbi sábà máa ń rí ṣákálá: ibì kan a là, ibì kan a dúdú, nítorí ẹran tó ti kú tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú rẹ̀.

Nǹkan méjì kan ń dẹ́rù bani láìnídìí níbi àwòrán:

Àwọn lymph node tó wú nítòsí. Schwannoma àpòlúkù lè mú kí àwọn kókó kéékèèké tó ń bá ara gbógun ti àrùn wú ní àyíká rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ti tàn dé ibẹ̀.

PET scan tó tàn. PET ni àwòrán tó ń fi ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń lo ṣúgà púpọ̀ hàn. Schwannoma lè tàn gbòò lórí PET bíi jẹjẹrẹ. A ti rí àwọn tí wọ́n múra iṣẹ́ abẹ ńlá sílẹ̀ fún nítorí àwòrán yìí nìkan. PET kò lè ya schwannoma sọ́tọ̀ kúrò lára GIST, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gba ipò gígé ẹran wò (biopsy).

Ìgbésẹ̀ 5: Gígé ẹran láti ìsàlẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń dé ojú ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà:

1. Irinṣẹ́ bíi ẹ̀mú tó ń já awọ òkè. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ lò fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń béèrè ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Kì í sábà dé kókó.
2. Jíjá léraléra lójú kan náà. Ẹ̀mú yẹn kan náà ni, àmọ́ wọ́n á máa já a lọ sísàlẹ̀. Ó lè kan kókó, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀.
3. Abẹ́rẹ́ tó ń fa sẹ́ẹ̀lì nìkan, FNA. Ó ń rí sẹ́ẹ̀lì, àmọ́ kì í sábà tó fún gbogbo aró tí láàbù ń fi kun ẹran láti mọ irú rẹ̀, tí a máa sọ nísàlẹ̀.
4. Abẹ́rẹ́ tó ń gé ẹran gbọọrọ, FNB, tí EUS ń tọ́ sọ́nà. Èyí ni kí ẹ béèrè bí ó bá wà. Abẹ́rẹ́ 22G tàbí 19G ni wọ́n sábà ń lò.

Ẹ bá dókítà sọ ọ́ tààrà: "Ṣé ẹran gbọọrọ lẹ máa mú, tàbí sẹ́ẹ̀lì lásán?" Bí idáhùn bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì lásán, ẹ béèrè bóyá ó máa tó fún àwọn aró S100, KIT àti DOG1. Ìbéèrè kan yìí ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ìmúrasílẹ̀: ẹ má jẹun fún wákàtí 6 ó kéré tán, kí ẹ sì tẹ̀lé ohun tí wọ́n bá sọ nípa omi. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ńkọ́? Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Dókítà tó kọ ọ́ fún yín àtẹni tó fẹ́ gé ẹran ni kó jọ pinnu rẹ̀, torí pé dídá a dúró láìbéèrè lè fa ẹ̀jẹ̀ dídì lọ́kàn tàbí ọpọlọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Títọ́jú ẹran tí wọ́n gé (fún àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́)

Ẹran tó dára lè bàjẹ́ láàárín yàrá endoscopy àti láàbù.

1. Ẹ fi sínú fọ́málìn 10% kíákíá. Ẹ má fi sínú omi lásán.
2. Fọ́málìn náà kó tó ìlọ́po 10 ẹran tó wà nínú rẹ̀.
3. Bó bá jẹ́ kókó odindi ni wọ́n gé jáde, ẹ là á kí fọ́málìn lè wọ àárín. Kókó tí wọn kò là máa ń rà láàárín nígbà tí etí rẹ̀ ṣì dára, aró á sì parọ́ níbẹ̀.
4. Nínú ìwé tó tẹ̀ lé e, ẹ kọ "kókó ìpele kẹrin, ẹ wò ó fún GIST, schwannoma, leiomyoma". Bí ìwé bá kàn sọ pé "biopsy àpòlúkù", ẹni tó ń wo ó lè wá kòkòrò tó ń fa ọgbẹ́ inú, kó sì fọwọ́ sí i pé kò sí nǹkan.
5. Bí ẹran náà bá tín-ín-rín bí òwú, kí láàbù gé sláìdì tó máa tó fún gbogbo aró lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan bíi 10, kí wọ́n fi èyí tí wọn kò tíì lò pamọ́. Nígbàkigbà tí wọ́n bá tún gbé búlọ́ọ̀kù náà, ìyẹn ìda tí wọ́n fi ẹran sí nínú, sórí ẹ̀rọ, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fá ojú rẹ̀ kó tó tẹ́jú, ẹran tó kéré sì máa ń tán síbi fífá yẹn.

Ìgbésẹ̀ 7: Lábẹ́ maikirosikóòpù

Sẹ́ẹ̀lì gbọọrọ tí orí àti ìdí wọn tín-ín-rín ló máa hàn, wọ́n lọ́ mọ́ra bí òwú. Ohun tó ń fi schwannoma inú àpòlúkù hàn jù ni òrùka sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà tó yí i ká létí, dúdú-búlúù, wọ́n kóra jọ ní òkìtì-òkìtì bí ilé kéékèèké lẹ́yìn odi ìlú. Bí a bá rí òrùka yẹn, ọkàn gbọ́dọ̀ lọ sí schwannoma.

Kí ẹni tó mọ schwannoma apá tàbí ọrùn dáadáa ṣọ́ra. Èyí tó wà lára yòókù sábà máa ń ní àpò tó wé e, àti àwọn ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti tò bí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó dojú kọra. Ti inú ikùn kì í sábà ní ìkankan nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ń wá wọn kó tó gbà pé schwannoma ni, á kọ orúkọ mìíràn sí i.

Bí abẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì gún òrùka nìkan, sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà ló máa wà lórí sláìdì, ó sì lè jọ lymph node. Kí wọ́n má fi ìyẹn parí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Aró tó ń dájọ́

Láàbù máa ń fi aró pàtàkì kan àwọn sláìdì náà. Aró kọ̀ọ̀kan ń wá purotéènì kan ṣoṣo. Bí purotéènì náà bá wà, aró á mú un, ibẹ̀ á di àwọ̀ ilẹ̀. Mẹ́rin ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i: S100, KIT tí àwọn kan ń kọ ní CD117, DOG1, àti desmin.

- Schwannoma: S100 mú un gbòò, jákèjádò. KIT, DOG1 àti desmin kò mú un.
- GIST: KIT àti DOG1 mú un. CD34 sábà máa ń mú un pẹ̀lú. S100 kì í sábà mú un.
- Leiomyoma: desmin àti SMA mú un. Àwọn yòókù kò mú un.

Bí S100 bá mú un, kí wọ́n fi SOX10 kún un. Ó sábà máa ń mú schwannoma, nínú ọkàn sẹ́ẹ̀lì sì ni àwọ̀ rẹ̀ máa ń wà. GFAP náà sábà máa ń mú schwannoma inú ikùn.

Àmọ́ o, S100 nìkan kò tó. Àwọn mìíràn wà tí ó máa ń mú:

- Melanoma, jẹjẹrẹ tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti awọ ara, tó tàn wá láti ibòmíràn. Ó burú, S100 àti SOX10 sì ń mú un. HMB45 àti Melan-A ló máa tú u fó.
- GNET, kókó burúkú tó ṣọ̀wọ́n, tó sábà máa ń wà ní ìfun kékeré. S100 àti SOX10 ń mú òun náà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá rí rọ̀bọ̀tọ̀ tó ń pín púpọ̀, kí wọ́n wo àbùdá EWSR1.
- Granular cell tumor, tó wọ́pọ̀ ní ọ̀nà ọ̀fun. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tóbi, ó kún fún hóró wẹ́wẹ́.
- Neurofibroma. S100 mú apá kan, ó fi apá kan sílẹ̀. CD34 mú lára ìyókù.
- Ganglioneuroma. Sẹ́ẹ̀lì iṣan ńláńlá wà nínú rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ káàkiri ìfun, kí wọ́n wádìí àìsàn ìdílé, pàápàá MEN2B, tó ń fa jẹjẹrẹ thyroid, ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn.
- Schwann cell hamartoma ti awọ ìfun ńlá. Kókó kékeré tó wà nínú awọ fúnra rẹ̀, kò wọ ìpele ẹran. Kò léwu.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbi aró

*Kíka mast cell bí KIT tó mú kókó.* Sẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ mast cell máa ń fọ́n ká nínú schwannoma, KIT sì máa ń mú un gan-an. Ẹni tó bá ń kánjú á rí àwọn àmì àwọ̀ ilẹ̀ ṣóńṣó-ṣóńṣó yẹn, á sì kọ "KIT mú un", ni schwannoma bá di GIST lórí ìwé. Ẹ wo sẹ́ẹ̀lì gbọọrọ fúnra wọn: ṣé àwọn náà gba àwọ̀, tàbí àwọn àlejò tó wà láàárín wọn nìkan?

*Aró tí kò ṣiṣẹ́.* Mast cell yẹn kan náà ló máa jẹ́rìí. Bí KIT kò bá mú àwọn náà, aró ló bàjẹ́, kì í ṣe pé kókó kò ní KIT. Fún S100, ẹ wo iṣan ìmọ̀lára kéékèèké tó wà lórí sláìdì kan náà.

*Gbígba KIT nìkan gbọ́.* GIST díẹ̀ wà tí KIT kì í mú, bíi 5 nínú 100. Ìdí nìyẹn tí DOG1 fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

*Gbígbẹ́kẹ̀ lé ẹran dídì (frozen section), tí wọ́n mú dì bíi yìnyín kí wọ́n lè wò ó kíákíá nígbà iṣẹ́ abẹ.* Èsì ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn lè sọ pé sẹ́ẹ̀lì gbọọrọ ni. Kò lè sọ èwo.

Bí gbogbo irinṣẹ́ kò bá sí nítòsí

Kò sí EUS? Ẹ ṣe CT, kí ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n lè tọ́ka yín sí. Ẹ má ṣe gba kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un láti ara ikùn láìní ìdí pàtàkì: bí ó bá jẹ́ GIST, ìyẹn lè tú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sínú ikùn.

Kò sí aró? Búlọ́ọ̀kù ẹran kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Ó ṣeé fi ránṣẹ́ sí láàbù mìíràn láìtún gé aláìsàn.

Bí kókó bá ti tóbi, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń dí ọ̀nà, wọ́n lè yọ ọ́ láìdúró de abẹ́rẹ́, kí wọ́n ṣe gbogbo aró lẹ́yìn náà. Èyí tọ̀nà. Gígé apá tó wà mọ́ kókó nìkan ló sábà máa ń tó. Kí wọ́n tó gé odindi àpòlúkù, kí wọ́n ní ìdí tí wọ́n lè ṣàlàyé fún yín.

Kí èsì tó pé gbọ́dọ̀ ní

- Ìwọ̀n kókó àti ìpele tó ti wá
- Ìrísí sẹ́ẹ̀lì, àti bóyá òrùka wà létí
- Iye sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rí tó ń pín
- S100, SOX10, KIT, DOG1, desmin, pẹ̀lú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ
- Bí wọ́n bá yọ ọ́: bóyá etí ibi tí wọ́n gé mọ́

Nígbà tí èsì bá ti dé

Bí ó bá jẹ́ schwannoma, oògùn imatinib tí wọ́n ń lò fún GIST kò wúlò fún un. Bí wọ́n bá ti fún yín kí èsì aró tó dé, ẹ padà lọ bá dókítà yín lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Èyí tó kéré tí kò yọ yín lẹ́nu lè ṣeé máa ṣọ́ pẹ̀lú EUS. Èyí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń dàgbà, wọ́n á yọ ọ́. Èyí tí wọ́n yọ tán pátá kì í sábà padà.

Bí èsì bá ní "sẹ́ẹ̀lì gbọọrọ, a kò lè sọ irú rẹ̀", ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́jọ́ náà: ṣé ẹran kò tó ni, ṣé aró ni wọn kò ní, àti ibo ni búlọ́ọ̀kù mi wà? Ẹ kọ nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù náà sílẹ̀. Òun ni láàbù tó tẹ̀lé máa béèrè lọ́wọ́ yín.